Wáàtì 1,200 tó wà lára páálí: bí áńpù àti sípíkà ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ bára mu

Bí ẹ bá dé ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ń lọ tí èrò ń bọ̀ lágbègbè ààfin, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ ohùn olóògùn ìbílẹ̀ kan láti ara ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó. Irin ẹlẹ́nu gbàgà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀nù, ni wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀ náà. Àpótí kékeré tí kò ju Bíbélì ńlá lọ ló wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Síbẹ̀, bó ṣe ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí níhìn-ín ni ẹni tó ń ná ẹ̀fọ́ lápá kejì ọjà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ akérò ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí. Sípíkà mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Áńpù tí wọ́n kọ wáàtì 1,200 sí lára wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bó bá ti yí ohùn sókè díẹ̀, gbogbo ohun tí ẹni tó wà níta ń gbọ́ kò ju kíkùn bíi ti oyin inú agolo lọ. Áńpù náà a sì máa gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró lára rẹ̀. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sípíkà ti jó nínú ọkọ̀ náà, owó tí dírẹ́bà yìí sì ń kó lé e lórí jẹ́ owó tó yẹ kó fi ra táyà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó,” ló wí fún rìwáyà tó ń bá a tún iná ọkọ̀ ṣe. “Ẹni tó tà á fún mi ní agbára rẹ̀ pọ̀ jù ni, pé sípíkà ńlá ni kí n lọ rà.”

Rìwáyà náà, àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára mítà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí ni wáàtì tó wà nínú ẹ̀rọ?”

Ìbéèrè yìí ni a gbé yẹ̀ wò nínú àyọkà yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé orin sínú ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti káàkiri ilẹ̀ wa, nọ́mbà ńlá ni wọ́n ń rà, ohùn kọ́.

Ohun tí wáàtì jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Áńpù ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tí kò lágbára láti inú rédíò ọkọ̀, tó ń fi iná bátìrì sọ ọ́ di alágbára, kó tó tì í sí sípíkà. Sípíkà ní tirẹ̀ ló ń sọ iná yẹn di ohùn tí etí ń gbọ́. Nínú rẹ̀ ni wáyà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ká bí òwú, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ́ìlì, irin olóòfà sì yí i ká. Bí iná bá ti ń wọ kọ́ìlì ni yóò máa sún síwájú sẹ́yìn, ojú sípíkà tó so mọ́ ọn yóò sì máa ti afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí awọ dùndún ṣe ń ṣe nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá bà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, ló ṣàlàyé irú sípíkà yìí fún aráyé ní ọdún 1925. Ní 1930 ni ilé-iṣẹ́ Paul Galvin gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde ní orílẹ̀-èdè kan náà. Láti ìgbà náà wá, ètò inú sípíkà kò tíì yí padà púpọ̀. Ohun tó yí padà ni irọ́ tí wọ́n ń kọ sára páálí.

Wáàtì ni òṣùwọ̀n agbára, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà kọ ọ́. Èkíní ni agbára tí ẹ̀rọ lè gbé fún wákàtí gbọọrọ láìdákú. Lẹ́tà mẹ́ta, RMS, ni wọ́n máa ń kọ mọ́ ọn. Èkejì ni agbára tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, tí wọ́n ń pè ní Max tàbí Peak. Ó dà bí alábàárù tó gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè pàtẹ́wọ́ fún un. Kò túmọ̀ sí pé ó lè rù ú láti Akẹ̀sán dé Òwódé. Nọ́mbà kejì yìí ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sójú páálí, nítorí pé òun ló ń fa oníbàárà.

Ẹ wo rédíò ọkọ̀ tí wọ́n kọ “50W x 4” sí lójú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná ẹnu bátìrì a máa tó fóòtì 14.4. Bí a bá fi 14.4 sọ 14.4 di púpọ̀, a ó ní bíi 207. Bí a bá wá fi 4 pín in, èyí tí í ṣe óòmù sípíkà, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 52. Ibẹ̀ ni 50 náà ti wá. Ṣùgbọ́n ohùn kì í dúró sójú kan ní òkè ténté. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bí ohùn ṣe ń rìn gan-an, kò lè ju wáàtì 26 lọ, bí a bá sì yọ èyí tó ń ṣòfò nínú rédíò fúnra rẹ̀, bíi 18 sí 22 ló máa ń kù tí ohùn ṣì mọ́ ketekete. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń wá áńpù kún rédíò wọn, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ báyìí ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní CEA-2006, tí wọ́n ń kọ báyìí ní CTA-2006. Ohun tó wí ni pé kí wọ́n fi fóòtì 14.4 wọn áńpù ọkọ̀ lórí sípíkà óòmù 4, kí ìdàrúdàpọ̀ ohùn rẹ̀ má sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Áńpù tó bá ní àmì yìí, ẹ lè fọkàn tán nọ́mbà rẹ̀. Èyí tí kò bá ní in, ẹ má bá ọlọ́jà jiyàn, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ wo fíúsì rẹ̀.

Ohun tí rìwáyà wa ṣe gan-an nìyẹn. Fíúsì áńpíà 25 kan ṣoṣo ló wà lára áńpù “wáàtì 1,200” náà. Áńpíà 25 lọ́nà fóòtì 13.8 jẹ́ wáàtì 345. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn lè máa gbà lẹ́nu bátìrì láìjẹ́ pé fíúsì já nìyẹn. Áńpù àtijọ́, èyí tí wọ́n ń kọ Class AB sí lára, a sì máa sọ bí ìdajì ohun tó gbà di ooru. Ó ku bíi wáàtì 170. Irú tuntun tí wọ́n ń kọ Class D sí lára sàn jù bẹ́ẹ̀, ó lè sọ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún di ohùn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe Class D. Dírẹ́bà wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìṣirò yìí.

Kí ló dé tí ohùn olóògùn fi borí?

Bí áńpù bá ní wáàtì 170, ó ṣì ju ti olóògùn lọ, nítorí pé àpótí kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn, wáàtì 30 ni agbára rẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní nọ́mbà kan tí àwọn tó ń ra sípíkà kì í sábà wò. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tó bá sípíkà wá, pẹ̀lú àmì dB lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní dẹ̀síbẹ̀lì. Ohun tó ń sọ ni bí ohùn sípíkà ṣe máa le tó ní mítà kan síwájú rẹ̀ bí a bá fi wáàtì kan péré bọ́ ọ.

Sípíkà ọkọ̀ tí a sábà ń rà lọ́jà, bíi 88 ni tirẹ̀. Họ́ọ̀nù onírin, nítorí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń kó ohùn jọ tó sì ń darí rẹ̀ sójú kan, ó lè tó 105. Ẹ má rò pé ìyàtọ̀ 17 kéré. Nínú ètò dẹ̀síbẹ̀lì, bí a bá fẹ́ fi 3 kún ohùn, a ní láti sọ wáàtì di ìlọ́po méjì. Bí a bá fẹ́ fi 10 kún un, a ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, etí ènìyàn yóò sì máa gbọ́ èyí bí ẹni pé ohùn kàn di ìlọ́po méjì ni. Nípa bẹ́ẹ̀, kí sípíkà 88 kan tó lè bá họ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 30 dọ́gba, yóò nílò bíi wáàtì 1,500, kò sì sí irú sípíkà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú kan láìrú èéfín.

Lóòótọ́, họ́ọ̀nù kò lè kọ orin. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wà fún, kò mọ ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe é mú lò nínú ọkọ̀: láàárín sípíkà méjì tí owó wọn dọ́gba, èyí tó ní 92 yóò fi wáàtì 50 ṣe ohun tí èyí tó ní 89 yóò fi 100 ṣe. Ẹni tó ra 92 ti fi ìdajì owó áńpù pamọ́.

Bí ẹ ṣe máa so wọ́n pọ̀

Òfin tí àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ń tẹ̀lé kò le. RMS áńpù ni kí ẹ fi wé RMS sípíkà. Ẹ má ṣe fi Max ọ̀kan wé RMS èkejì. Bí sípíkà bá ń gba RMS wáàtì 50, áńpù tó lè fún un ní nǹkan bí 38 sí 62 ní óòmù kan náà bá a mu. Bó bá kọjá òkè rẹ̀ díẹ̀ kò burú, bí ọwọ́ ẹni tó ń yí ohùn bá mọ níwọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìsàlẹ̀. Wọ́n gbà pé áńpù kékeré kò lè pa sípíkà ńlá, pé agbára kékeré kò lè jó ohun tó jù ú lọ. Ó lè jó o. Bí a bá ní kí áńpù kékeré ké ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, kò ní ké sí i. Ńṣe ni yóò máa gé orí ohùn náà dànù. Ohùn tó yẹ kó gòkè bí òkè Olúmọ kó sì sọ̀ kalẹ̀ yóò wá rí pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Lójú iná, irú ohùn pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ lè gbé tó ìlọ́po méjì agbára tí wọ́n kọ sára áńpù náà. Kọ́ìlì kò tún ní rí àyè tútù láàárín ìlù kan sí èkejì. Èyí tó sábà máa ń kọ́kọ́ kú ni sípíkà kékeré tó ń sọ ohùn tín-ín-rín, tí wọ́n ń pè ní tùwítà, nítorí pé wáyà inú rẹ̀ kò nípọn, orí ohùn tí wọ́n gé yẹn a sì máa bí ọ̀pọ̀ ohùn tín-ín-rín tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀. Bí ohùn bá ti ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọbẹ ha ìkòkò, áńpù ti ń gé orí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Óòmù ni ọ̀rọ̀ kejì, òun gan-an ló sì ṣe dírẹ́bà wa léṣe jù. Orúkọ Georg Ohm, ará Jámánì tó tẹ ìwé jáde lórí òfin iná mànàmáná yìí ní 1827, ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n náà. Ó ń sọ bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bí óòmù bá ṣe kéré tó ni iná tí sípíkà ń fà lára áńpù ṣe máa pọ̀ tó. Sípíkà ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ óòmù 4. Bí a bá so méjì pọ̀ mọ́ ẹnu kan náà, rere mọ́ rere, òdì mọ́ òdì, wọn yóò di óòmù 2. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, ó di 1.33. Bí a bá sì so wọ́n tẹ̀léra, kí wáyà jáde lára ọ̀kan kó tó wọ èkejì, méjì yóò di óòmù 8, iná tí wọ́n ń fà yóò sì dín kù.

Ẹnu méjì ni áńpù inú ọkọ̀ akérò yìí ní. Ìwé rẹ̀ kọ ọ́ pé kí óòmù má ṣe wálẹ̀ ju 2 lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ bá a ṣe é kó sípíkà mẹ́ta mẹ́ta sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ó wá di pé áńpù tí kò ní ju wáàtì 170 lọ ń bá óòmù 1.33 jìjàkadì láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, lójoojúmọ́. Ooru tí ọwọ́ kò lè gbà yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ tún ṣọ́ra bí wọ́n bá ní kí ẹ so ẹnu méjèèjì áńpù pọ̀ fún wúfà kan ṣoṣo: irú áńpù tó ń gba óòmù 2 ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, óòmù 4 ni òpin tirẹ̀ bí wọ́n bá pa ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ọ́n lò lára áńpù. Bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ Gain sí lára kì í ṣe bọ́tìnì ohùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí áńpù àti rédíò gbọ́ra wọn yé. Ẹni tó bá yí i dé òpin nítorí pé ó fẹ́ kó ké, ó ti pàṣẹ kí áńpù máa gé orí ohùn kí rédíò tó dé ìdajì. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ lè fi ìṣirò ṣe é. Ẹ sọ wáàtì sípíkà di ìlọ́po óòmù rẹ̀, kí ẹ wá nọ́mbà tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó jẹ́ iye yẹn. Òun ni fóòtì tí mítà gbọ́dọ̀ fi hàn. Fún wáàtì 50 lórí óòmù 4, a ní 200, nọ́mbà náà sì ni 14.1. Ẹ tú sípíkà kúrò, ẹ yí rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi ohùn ìdánwò tó dúró sójú kan sí i, kí ẹ máa yí Gain díẹ̀díẹ̀ títí tí mítà tí ẹ yí sí AC yóò fi ka iye yẹn. Ẹni tí kò ní mítà lè fi etí ṣe é: kó dá Gain padà sí ìsàlẹ̀, kó gbé rédíò dé ibi kan náà, kó máa yí i sókè títí ohùn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, kó sì dá a padà díẹ̀.

Wáyà, fíúsì àti iná

Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí iná ń ṣe fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni iná jó ọjà Akẹ̀sán, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti dúkìá di eérú, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún ọjà náà kọ́. Iná inú ọkọ̀ kì í tilẹ̀ fún èrò láyè tó bẹ́ẹ̀, pàápàá ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ fóòmù.

Wáyà tó gbé iná láti ẹnu bátìrì lọ sí áńpù kò gbọdọ̀ wà láìní fíúsì tirẹ̀, fíúsì náà kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Fíúsì tó wà lára áńpù kò tó. Bí ara wáyà bá bó níbi tó ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ èrò kọjá, tó sì kan irin ọkọ̀, iná tí bátìrì yóò tú sí i lè mú wáyà náà pọ́n yòò, fíúsì ara áńpù kò sì ní mọ̀ rárá, nítorí pé ẹ̀yìn ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ló wà. Fún áńpù oní-áńpíà 25, wáyà bàbà nọ́mbà 8 pẹ̀lú fíúsì 30 lẹ́nu bátìrì ti tó. Ẹ rántí pé nọ́mbà wáyà ń lọ sẹ́yìn: nọ́mbà 4 nípọn ju nọ́mbà 8 lọ.

Ṣùgbọ́n kó jẹ́ bàbà. Wáyà tó kún ọjà jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà wọ̀ lára, CCA ni wọ́n máa ń kọ sí i bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́ olóòótọ́. Kì í gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń tètè gbóná. Ẹ fi ọbẹ ha ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ ra èyí tó nípọn jù ú lọ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti sípíkà tòkunbọ̀, ẹ má rà á láìfi mítà kàn án. Sípíkà óòmù 4 tó pé máa ń ka nǹkan bíi 3.2 sí 3.6. Bí kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ ojú rẹ̀ wálẹ̀. Bó bá ń ha gẹ́gẹ́ bí ẹni ń fa iyanrìn, iná ti bà á jẹ́ rí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Etí náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé fi lélẹ̀ ní 2019 pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà tí ohùn bá fi 3 lé sí i, kí wákàtí náà dín sí ìdajì. Ní 92, wákàtí méjì ààbọ̀ péré ló kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀, dírẹ́bà ojú pópó sì lè lo gbogbo rẹ̀ tán ní ọjọ́ Ajé. Nàìjíríà pẹ̀lú ti ní ìlànà tó de ariwo láti ọdún 2009, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá dúró ní Akẹ̀sán fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí rìwáyà náà wá ṣe kò pọ̀. Ó tú sípíkà méjì kúrò nínú mẹ́fà. Ó ku méjì méjì sí ẹnu kọ̀ọ̀kan, óòmù 2 gẹ́lẹ́, èyí tí áńpù náà lè gbà. Wáàtì 170 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ bíi 42 fún ẹyọ kan, RMS wọn sì jẹ́ 50. Ó ti Gain padà láti òpin títí mítà fi ka fóòtì 13. Ó já wáyà pẹ́lẹ́bẹ́ tó wà níbẹ̀ sọnù, ó fi nọ́mbà 8 rọ́pò rẹ̀, ó sì de fíúsì 30 mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Nígbà tí wọ́n tan rédíò, a gbọ́ ìyáàlù lọ́tọ̀, a gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin lọ́tọ̀, láti ìta ọkọ̀ níbi tí a dúró sí. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, dírẹ́bà gbé ọwọ́ lé áńpù náà, kò sì yára gbé e kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Àwọn méjì yòókù yìí ńkọ́?”

“Gbé wọn lọ sílé, kí o so wọ́n mọ́ rédíò ìyá rẹ.”